Ilé-ìwé girama ìjọba ní ìgbèríko ilẹ̀ Yorùbá: ìbéèrè tí wọ́n ń bi wá lábiìdákẹ́, àti ìdáhùn wọn

Irú ilé-ìwé wo gan-an là ń sọ?

Ilé-ìwé girama tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń darí, tó wà ní abúlé tàbí ìlú kékeré, tó ń kọ́ ọmọ láti JS 1 dé SS 3. Ẹ mọ̀ ọ́n lójú: ilé gígùn méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n fi páànù bò, pápá bọ́ọ̀lù níwájú, igi máńgòrò lẹ́bàá ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé, pátákó létí títì tí òjò ti fọ ìdajì lẹ́tà rẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ń jẹ́ Community High School tàbí Community Grammar School. Àwọn mìíràn ń jẹ́ orúkọ ìjọ.

Ìdáhùn ìsàlẹ̀ yìí kan Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Ògùn, Oǹdó, Èkìtì àti ìgbèríko Èkó.

Ta ló dá wọn sílẹ̀?

Ní ọ̀pọ̀ ibi, ará ìlú fúnra wọn ni. Ilé-ìwé girama àkọ́kọ́ nílẹ̀ yìí, CMS Grammar School, Èkó ni wọ́n dá a sí ní 1859. Fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, ọmọ oko tó bá fẹ́ ka ìwé girama ní láti lọ máa gbé ìlú ńlá, lọ́dọ̀ ẹbí tàbí lọ́dọ̀ tíṣà.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kíní 1955 ló yí gbogbo rẹ̀ padà. Iye ọmọ tó wà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà fò láti nǹkan bí 457,000 ní 1954 sí ohun tó lé ní 811,000 ní 1955. Nígbà tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ṣe tán, níbo ni kí wọ́n lọ? Ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í dáwó. Àgbẹ̀ mú owó kòkó wá, ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ tó wà l'Ékòó àti n'Íbàdàn fi tiwọn ránṣẹ́, àwọn obìnrin ru omi àti iyanrìn.

Ìgbì kejì dé ní oṣù Kẹwàá 1979, nígbà tí àwọn gómìnà ẹgbẹ́ òṣèlú UPN gorí oyè: Jákándè l'Ékòó, Bọ́lá Ìgè l'Ọ́yọ̀ọ́, Ọ̀nàbánjọ ní Ògùn, Ajáṣin l'Óǹdó. Wọ́n sọ girama náà di ọ̀fẹ́, ilé-ìwé sì ń hù bí olú. Bí ẹ bá rí 1980 tàbí 1981 lára báàjì ilé-ìwé yín, ìdí rẹ̀ nìyẹn. (Ajáṣin fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé girama l'Ọ́wọ̀ kó tó di gómìnà, kò ṣàdédé gbọ́ nípa ọ̀rọ̀ náà.)

Lónìí, ta ló ni ín: ìlú ni àbí ìjọba?

Lábẹ́ òfin, ìjọba ni. Ìjọba ló ń gba olùkọ́ síṣẹ́, ló ń san owó oṣù wọn, ló ń yan ọ̀gá, ló sì ń ṣí wọn nípò. Ṣùgbọ́n ìlú ló sábà fi ilẹ̀ sílẹ̀, ìlú ló ń ṣọ́ ọ lóru, ìlú ló ń kan páànù padà bí ìjì bá ṣí i.

Wàhálà ọ̀nà méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni kí ìlú káwọ́ gbera, kó máa retí ìjọba lórí ohun tí ọ̀dọ́ mẹ́wàá lè fi àárọ̀ Sátidé kan ṣe. Èkejì kò hàn síta tó bẹ́ẹ̀, òun ló sì burú jù lójú tèmi: kí ìlú máa san gbèsè ìjọba wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí ìjọba yóò fi gbàgbé pé òun jẹ ẹ́.

Ta ni ká lọ bá bí nǹkan kò bá lọ déédéé?

Ọ̀gá ilé-ìwé ni àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ (PTA). Bí kò bá yanjú, ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ti agbègbè yín ló kàn, kó tó kan àjọ tó ń rí sí olùkọ́ girama, tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ń pè ní TESCOM, àti iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ní olú-ìlú. SUBEB, àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìpínlẹ̀, ló ń mójú tó alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì ń mójú tó JS náà ní àwọn ìpínlẹ̀ kan.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n gbéra lọ sí káńsù. Káńsù kì í gba olùkọ́ girama síṣẹ́. Alága lè bá yín sọ̀rọ̀ tàbí kó tún ọ̀nà ṣe, àmọ́ kò lè fún yín ní tíṣà físíìsì.

Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ mọ́ ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín. Ọ̀rọ̀ ẹnu ń bá afẹ́fẹ́ lọ ní ọ́fíìsì ìjọba.

Ṣé ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́?

Láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kìíní dé JS 3, bẹ́ẹ̀ ni. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ (UBE) ti ọdún 2004 sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ àti dandan. Ìwé, ohun èlò ìkọ́ni, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, àga àti tábìlì wà lára ohun tí òfin náà ní kí wọ́n pèsè láìgbowó. Ẹni tó bá gba owó lòdì sí i lè san ìtanràn tó tó 10,000 náírà tàbí kó lọ ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Òfin náà kò sì yọ òbí sílẹ̀: ẹni tó kọ̀ láti rán ọmọ lọ yóò gba ìkìlọ̀ lákọ̀ọ́kọ́, bó bá tún ṣe é, ìtanràn 2,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan ń dúró dè é.

SS 1 dé SS 3 kò sí nínú òfin yẹn. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu tirẹ̀. L'Ọ́yọ̀ọ́, owó 3,000 náírà tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni Gómìnà Mákindé fagi lé lọ́jọ́ tó gorí oyè ní oṣù Karùn-ún 2019.

Yunifọ́ọ̀mù, bàtà, ìwé àkọsílẹ̀ àti owó ọ̀kadà kò kúrò lọ́rùn òbí. Ní ti owó PTA, ìpàdé òbí ló yẹ kó fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì já rìsíìtì fún yín. Kò tọ́ kí wọ́n lé ọmọ padà sílé nítorí rẹ̀.

PTA àti SBMC, ṣé ọ̀kan náà ni?

Rárá. PTA jẹ́ ti òbí àti olùkọ́ nìkan. SBMC, ìgbìmọ̀ tó ń bá ilé-ìwé ṣàkóso, ti gbogbo ìlú ni: aṣojú baálẹ̀ tàbí ọba, àwọn obìnrin, oníṣẹ́ ọwọ́, akẹ́kọ̀ọ́ tó ti jáde, kódà akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tí kò bímọ sílé-ìwé náà lè jókòó níbẹ̀, òun sì ni agbára rẹ̀.

Bí SBMC tiyín bá jẹ́ orúkọ ènìyàn mẹ́jọ nínú fáìlì ọ̀gá, tí wọn kò pàdé rí, ẹ kò dá nìkan wà.

Kí ló dé tí olùkọ́ kì í pẹ́ lọ́dọ̀ wa?

Ẹ béèrè ibi tó ń sùn. Bí kò bá sí ilé tó ṣeé gbé, tí iná kò sí, tí kò rí ibi tí ọmọ tirẹ̀ yóò ti kàwé, láti ìlú ńlá ni yóò máa gun ọ̀kadà wá. Bó bá di ìgbà òjò, ẹ óò rí i lọ́jọ́ mẹ́ta nínú márùn-ún. Kó tó pé ọdún méjì, yóò ti mọ ẹnì kan tó mọ ẹnì kan ní ọ́fíìsì, ìwé ìṣípòpadà yóò sì jáde.

Àwọn tó kù ń dàgbà. Òfin kan tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2022 gbé ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì olùkọ́ láti 60 sí 65, àti ọdún iṣẹ́ láti 35 sí 40, níbi tí ìpínlẹ̀ bá ti gbà á wọlé. Ìyẹn fa àkókò gùn. Kò bí olùkọ́ tuntun.

Ìlú kò lè san owó oṣù ìjọba, àmọ́ ìlú lè mú kó wu ènìyàn láti dúró. Yàrá mẹ́rin tó mọ́, tí kànga wà lẹ́yìn rẹ̀, àti ilẹ̀ díẹ̀ fún olùkọ́ tó bá fẹ́ gbin àgbàdo, máa ń ṣiṣẹ́ ju ogún lẹ́tà ìráhùn lọ. Àwọn ìlú kan tún ń gba olùkọ́ tí PTA ń sanwó fún. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé fún ìgbà díẹ̀ ni, kí ẹ sì máa kọ̀wé béèrè ti ìjọba ní táàmù kọ̀ọ̀kan. Ìlú tó bá dákẹ́ ni wọ́n ń kà mọ́ àwọn tí kò nílò olùkọ́.

Báwo la ṣe ń rí àgùnbánirọ̀, báwo ni wọ́n sì ṣe ń dúró?

Láti 1973 tí wọ́n ti dá NYSC sílẹ̀ ni àgùnbánirọ̀ ti ń gbé ilé-ìwé oko ró. Ilé-ìwé ló ń kọ̀wé béèrè fún wọn lọ́fíìsì NYSC ní ìjọba ìbílẹ̀, kí ó sì sọ ẹ̀kọ́ tó nílò ní pàtó. Bí ẹ bá kọ «ẹnikẹ́ni», ẹni tó ka eré orí ìtàgé ni wọn yóò fi kọ́ yín ní kẹ́mísìrì.

Ohun tó ń mú wọn dúró ni ilé, ilẹ̀kùn tó ní kọ́kọ́rọ́, omi àti ìyá kan tí yóò máa yọjú sí wọn. Àwọn ọmọ tó ń bọ̀ láti ilẹ̀ Ìgbò tàbí Òkè-Ọya kò gbọ́ Yorùbá. Bí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ bá korò, wọn yóò wá ọ̀nà àtilọ. Kí ìlú má sì gbàgbé pé ọdún kan ni wọ́n ní. Ẹni tó ń kọ́ SS 3 ní ìṣirò lónìí lè lọ kí ìdánwò tó dé.

Ọmọ ń pa ilé-ìwé jẹ lọ́jọ́ ọjà àti nígbà kòkó. Kí la lè ṣe?

Ọjà tó ń ná lọ́jọ́ márùn-ún márùn-ún kò bá kàlẹ́ńdà ilé-ìwé rìn: ó lè bọ́ sí Mọ́ńdè lọ́sẹ̀ yìí, kó bọ́ sí ọjọ́ mìíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà ìkórè kòkó, láti nǹkan bí oṣù Kẹwàá dé òpin ọdún, ọwọ́ kì í tó nínú oko, táàmù kìíní sì ni.

Àríwísí nìkan kì í mú ọmọ padà. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni pé kí ọ̀gá mọ ọjọ́ ọjà sílẹ̀, kí ó má fi ìdánwò tàbí ẹ̀kọ́ tuntun sí i, kí baálẹ̀ sì kéde pé ọmọ tó wọ yunifọ́ọ̀mù kò gbọdọ̀ jókòó ti igbá títí aago méjì ọ̀sán. Àwọn ìyálọ́jà ló lè mú ìyẹn ṣẹ. Ẹ bá wọn sọ ọ́ ṣáájú ẹnikẹ́ni.

Ṣé olùkọ́ lè kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí oko ara rẹ̀?

Rárá. Oko ilé-ìwé yàtọ̀, nítorí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ wà nínú ìwé iṣẹ́, ìkórè rẹ̀ sì yẹ kó wọ àpò ilé-ìwé pẹ̀lú àkọsílẹ̀. Gbígbẹ́ ebè fún tíṣà ní àkókò ẹ̀kọ́ jẹ́ olè: ó jí àkókò ọmọ àti agbára rẹ̀ pọ̀.

Wọ́n ń na ọmọ wa, wọ́n sì ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ó sọ Yorùbá. Ṣé bó ṣe yẹ nìyẹn?

Kò yẹ. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò, ó sì yẹ kí ọmọ gbọ́ ọ dáadáa, àmọ́ pàṣán kì í kọ́ni ní gírámà. Ní 1970, Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan nínú èyí tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan lára ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Yorùbá tún jẹ́ ẹ̀kọ́ WAEC. Ó yani lẹ́nu pé ilé-ìwé kan náà tó ń na ọmọ nítorí rẹ̀ ń fẹ́ kó gba A nínú rẹ̀.

Ọmọbìnrin wa lóyún ní SS 1. Ṣé ó ti parí nìyẹn?

Kò parí. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003, tí àwọn ìpínlẹ̀ wa ti sọ di òfin tiwọn, sọ ní kedere pé ọmọbìnrin tó lóyún kó tó parí ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ láǹfààní láti padà lẹ́yìn tó bá bímọ. Bí ọ̀gá bá kọ̀, ẹ gbé òfin yẹn lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ agbègbè.

Ìdènà tó le jù sábà wà nílé. Ta ni yóò gbé ọmọ náà láàárọ̀? Ìyá àgbà tó bá gbà pé òun yóò gbé e ti ṣe ju ìgbìmọ̀ lọ. Bí ojú bá ń tì í láti padà sí ibi tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ ọ́n, ẹ bá a wá ìwé àyípadà lọ sí ilé-ìwé ìjọba mìíràn. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọdé ni wọ́n fi tipá bá lò tàbí olùkọ́ ló fún un lóyún, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá nìyẹn. Ìpàdé ẹbí kò lè parí rẹ̀.

Kí ló burú nínú kí ọmọ lọ ṣe WAEC ní «sẹ́ńtà ìyanu»?

Òbí ń sọ pé ilé-ìwé wa kò ní tíṣà, ẹ jẹ́ kí ọmọ lọ ibi tí wọ́n ti ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n ń rà níbẹ̀ jẹ́ ìdáhùn tí ẹlòmíràn kọ. WAEC lè fagi lé èsì gbogbo sẹ́ńtà lẹ́yìn tí owó ti lọ, òfin ìwà màgòmágó nínú ìdánwò ti ọdún 1999 sì ní ẹ̀wọ̀n nínú, fún àgbà àti ọmọ. Èyí tó bá bọ́ pàápàá yóò dé iwájú kọ̀ǹpútà JAMB láìsí ẹni tí yóò sọ ìdáhùn sí i létí.

Ọ̀nà mìíràn tún ni pé ilé-ìwé oko fúnra rẹ̀ ń di sẹ́ńtà ìyanu fún ọmọ ìlú ńlá. Bí ẹ bá rí i tí àjèjì mẹ́tàlélógójì wọ SS 3 lẹ́yìn Kérésìmesì, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti wá. Orúkọ ìlú yín ni wọn yóò pè bí èsì bá dàrú.

Ọmọ ìlú tó wà lẹ́yìn odi fẹ́ ṣe nǹkan fún ilé-ìwé. Kí ló dára jù?

Kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè. A ti rí gééètì ńlá tí orúkọ ẹni tó kọ́ ọ wà lára rẹ̀ nílé-ìwé tí kò ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tí àwọn ọmọbìnrin ń dúró sílé bí nǹkan oṣù wọn bá dé. A ti rí kọ̀ǹpútà ogún nínú yàrá tí wọ́n tì pa, nítorí pé iná kò dé abúlé náà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀: omi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ní ilẹ̀kùn, àga, òrùlé. Lẹ́yìn náà ohun èlò fún ìdánwò àfojúrí sáyẹ́ǹsì, tí ọ̀pọ̀ ọmọ oko kì í fọwọ́ kàn títí di ọjọ́ ìdánwò gan-an. Kọ̀ǹpútà wúlò, láti 2015 ni JAMB ti fi gbogbo ìdánwò rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n kí wọ́n ra kọ̀ǹpútà márùn-ún pẹ̀lú sólà dípò ogún láìsí iná. Kí wọ́n sì fi owó àtúnṣe sílẹ̀, nítorí bátìrì ń kú.

Sísan owó WAEC fún ọmọ mẹ́ta tí òbí wọn kò ní dára púpọ̀, kò sì ní jẹ́ kí fọ́tò pọ̀. Bóyá ìdí nìyẹn tí kò fi wọ́pọ̀.

Orúkọ ìjọ ló wà lára ilé-ìwé wa. Ṣé ìjọ ló ni ín?

Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba gba ọ̀pọ̀ ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ, àmọ́ orúkọ wọn kò yí padà. Anglican Grammar School tàbí Ansar-Ud-Deen High School tí ìjọba ń sanwó olùkọ́ rẹ̀ jẹ́ ilé-ìwé ìjọba, gbogbo ọmọ ló sì lè wọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ híjáàbù ló máa ń dá èyí sílẹ̀. Ní oṣù Kẹfà 2022, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ẹjọ́ Èkó pé akẹ́kọ̀ọ́bìnrin Mùsùlùmí ní ẹ̀tọ́ láti wọ̀ ọ́ nílé-ìwé ìjọba. Ní abúlé tí ọkọ jẹ́ Mùsùlùmí, tí ìyàwó jẹ́ onígbàgbọ́, tí àwọn méjèèjì sì ń ṣe ọdún ara wọn, ìjà yìí kì í sábà tinú ilé wá.

Ẹbí kan ní baba àwọn ló fún ilé-ìwé nílẹ̀, àwọn sì fẹ́ gbà á padà. Ṣé wọ́n lè ṣe é?

Ilẹ̀ tí wọ́n ti fi tọkàntọkàn fún ilé-ìwé, tí ilé-ìwé sì ti lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, kì í ṣeé gbà padà bẹ́ẹ̀. Òfin ilẹ̀ ti 1978 tún fún ìjọba lágbára láti lo ilẹ̀ fún ànfààní gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu ni ọ̀pọ̀ baba wa fi ṣe é: ọtí, obì, ẹlẹ́rìí méjì. Àwọn ẹlẹ́rìí ti kú. Ibi tí ilé-ìwé kò kọ́ nǹkan sí ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, púlọ́ọ̀tì kan lẹ́yìn pápá, lẹ́yìn náà pápá.

Ẹ pe sọfíyọ̀ kí ó wọn ilẹ̀ náà nígbà tí àwọn àgbà tó mọ ààlà ṣì wà láyé. Ẹ gbin igi tíìkì tàbí pèrègún sí ààlà. Kí ẹbí tó fi ilẹ̀ sílẹ̀ àti ìlú buwọ́ lu ìwé lọ́dọ̀ lọ́yà, kí ẹ̀dà kan wà láàfin, ọ̀kan ní ọ́fíìsì ẹ̀kọ́. Ẹ sì kọ orúkọ ẹbí náà sí ara ògiri kan. Ọ̀pọ̀ ìjà ilẹ̀ ilé-ìwé ni mo rí tí ohun tó wà nídìí rẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò dúpẹ́ rí.

Báwo la ṣe lè dáàbò bo àwọn ọmọ lójú ọ̀nà?

Ní oṣù Kíní 2024, wọ́n jí ọmọ ilé-ìwé àti olùkọ́ gbé nínú bọ́ọ̀sì ní agbègbè Èmùré-Èkìtì. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè yìí kò ti dákẹ́.

Ọ̀nà tó gba inú igbó ló léwu jù. Kí àwọn ọmọ abúlé kan náà máa rìn pọ̀, kí wọ́n má dá dúró fún ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ láìsí àgbàlagbà, kí ọdẹ àdúgbò tàbí Àmọ̀tẹ́kùn mọ àkókò tí wọ́n ń jáde. Kí nọ́ńbà fóònù wọn wà lára ògiri ọ́fíìsì.

Wọ́n ní ọmọ kò tó mọ́, wọ́n fẹ́ da ilé-ìwé wa pọ̀ mọ́ ti ìlú kejì. Kí la lè ṣe?

Ẹ ka ọmọ kí ẹ tó bínú. Ẹ lọ láti ilé dé ilé, kí ẹ mọ iye ọmọ ọdún 11 sí 17 tó wà nílùú, iye tó ń lọ ilé-ìwé yín, iye tó ń lọ ibòmíràn àti ìdí rẹ̀. Bí 40 bá wà nílé-ìwé, tí 90 sì ń gun ọ̀kadà lọ ilé-ìwé aládàáni nítorí pé ẹ kò ní tíṣà ìṣirò, ọmọ kọ́ ni kò tó. Ìwé yẹn ni kí baálẹ̀ gbé lọ, pẹ̀lú iye kìlómítà tó wà láàárín ìlú méjèèjì àti odò tó ń kún lójú ọ̀nà.

Nígbà mìíràn, ìjọba ló tọ̀nà. Ilé-ìwé tí ọmọ 25 wà láti JS 1 dé SS 3 kò lè ní olùkọ́ fún gbogbo ẹ̀kọ́ láéláé. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má jà fún pátákó. Ẹ jà fún ọkọ̀ tí yóò máa gbé ọmọ, àti fún JS láti dúró sílùú kí àwọn kékeré má baà rìn jìnnà.

Kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn, ẹ béèrè ìwé ìforúkọsílẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá ilé-ìwé náà sílẹ̀, àti àkọsílẹ̀ èsì ìdánwò wọn. Ẹni tó jáde ní 1985 ṣì lè nílò ìwé ẹ̀rí lọ́la, ikán sì ti jẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ níbi púpọ̀. Kí ọ̀gá ilé-ìwé tó ń gbà wọ́n buwọ́ lu iye ìwé tó gbà, kí SBMC sì mú ẹ̀dà kan.